Mẹ́rin

Ní Oulu, lókè ayé, níbi tí oòrùn Oṣù Kejìlá
ti ń yọjú bí onígbèsè, tó sì tún ń sá wọlé,
mo jókòó nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ ẹja,
mo ń fún àwọn tí n kò mọ̀ rí ní máàkì.

Ojú kan á yọ. Màá wò ó. Ó tán.
Méje. Márùn-ún. Ẹni yìí rẹ́rìn-ín àrínjù: mẹ́ta.
Ọ̀kan gbé ajá dání; mo fún ajá ní mẹ́sàn-án.
Ẹni tó mọ orí wọn kò rán mi níṣẹ́ ìdíyelé,
èmi Jalmari, awakọ̀ kíréènì ní èbúté,
tí ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sí Turku láti ọdún mẹ́ta,
tó fi ife kan sílẹ̀ fún un, àti aago ògiri tó ti kú.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan yọ:
fìlà lórí, imú gígùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa,
iná kámẹ́rà sọ ojú rẹ̀ di ojú ẹni tí ọlọ́pàá mú.
Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. Mo tẹ mẹ́rin.
Mo gbé búrẹ́dì mì, mo kọjá sórí ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ mi tàkìtì lórí yìnyín
lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì ìdí afárá.
Mo wọlé, orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀.
"Ìwọ yìí, ṣé yìnyín lo wá bá jà ni?"
Mo gbójú sókè. Òun ni.
Hilkka ni wọ́n fi òwú kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Imú yẹn náà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn náà ni,
ṣùgbọ́n fọ́tò kò ya bó ṣe ń fi èjìká rẹ́rìn-ín,
kò ya ìyẹ̀fun tó sọ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ kan di ewú,
kò ya bó ṣe ń bi àwọn arúgbó léèrè egbò ẹsẹ̀, léèrè ológbò,
bó ṣe fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dì mí lórúnkún láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Òótọ́ ni; àmọ́ ojú tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ náà
kò ní ẹnu tí yóò fi dá mi lóhùn.

Mo wá a kiri lóru, ojú tí mo wò lé ní igba,
kí n tó bá a. Ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀: mẹ́rin lé díẹ̀.
A pọ̀ tí a fọwọ́ kan náà gbá a létí.
"O ti fún ẹni yìí ní máàkì tẹ́lẹ̀," ni kọ̀ǹpútà wí.
N kò lè gbà á padà, n kò lè bu kún un.
Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́;
ẹyin a tiẹ̀ máa dún.
Tèmi rọra bọ́ sórí ìrì dídì, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Mo gbé fọ́tò tèmi náà síbẹ̀, kí n lè jẹ nínú rẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́: mẹ́ta àti ààbọ̀.
Ẹnì kan ní Kuopio ní etí mi jọ ọwọ́ ìkòkò.
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo lọ wo dígí. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Ṣé èmi náà ti gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá,
láàárín tíì àti oorun? Èló ló fún mi?

Lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ ti ṣú láti agogo méjì,
mo dúró níwájú káńtà, òógùn kún inú ìbọ̀wọ́ mi.
Hilkka ṣí àpò bébà, ó gbé ẹ̀mú sókè:
"Jalmari abáyìnyínjà, mẹ́rin ni àbí mẹ́fà?"

Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.
Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn mi.
"Mẹ́wàá," ni mo wí.
"Mẹ́wàá kẹ̀! Ta ló máa bá ọ jẹ ẹ́?"
Ó ti ń kà wọ́n sínú àpò: ení, èjì, ẹ̀ta.
Nígbà tó dé ẹ̀rin, mo wo ilẹ̀.